Ibi Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Ti Ń Gé Ọ̀rọ̀ Nọ́wè

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fìdí rẹmi nínú ìdánwò èdè Nọ́wè. Oṣù mẹ́rin ṣáájú ọjọ́ náà ni mo ti mọ ohun tí yóò gbé wọn ṣubú, mo sì dákẹ́.

Ọdún tó kọjá ni. Nọ́ọ̀sì ni ẹ̀gbọ́n mi, Kettering ni wọ́n ń gbé. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, obìnrin, tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà níbí, ti lọ́kọ sí Nọ́wè, ó sì ti bímọ síbẹ̀. Ilé àwọn arúgbó kan nítòsí ilé rẹ̀ gbà láti gba ìyá rẹ̀ síṣẹ́, bí ìyá bá lè yege ìdánwò ọ̀rọ̀ sísọ. Láìsí iṣẹ́ yẹn, kò sí ìwé ìgbélùú. Ìdánwò kan ṣoṣo ló wà láàárín ẹ̀gbọ́n mi àti ọmọ ọmọ wọn.

Ní ọ̀sán Sátidé, mo máa ń wakọ̀ láti Langley Park, níbi tí èmi ń gbé, lọ bá wọn. Ìwé kan náà la jọ ń kà lórí tábìlì ìdáná. Wọ́n ní àwọn kò lè dá kàwé, ẹni tí yóò máa gbọ́ àwọn ni àwọn ń fẹ́.

Tí àwọn ará Nọ́wè bá so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, wọn kì í fi àyè sílẹ̀ láàárín wọn. Barn ni ọmọ. Wọ́n á mú ọmọ lẹ̀ mọ́ ọmọ, ó di barnebarn, ọmọ ọmọ. Lọ́jọ́ tí a kan ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Ṣé o rí i? Yorùbá làwọn èèyàn yìí. Òtútù ló kàn fọ̀ wọ́n funfun."

Ibi tí wàhálà wà ni bí a ṣe ń gé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kí a tó pè é. Ìwé náà ní kí a kọ́kọ́ wá oríkèé ọ̀rọ̀, ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀, kí a gé e níbẹ̀, kí a tó pín apá kọ̀ọ̀kan sí sílébù. Aldershjem, ilé àwọn arúgbó, alders ni apá kan, ìyẹn ọjọ́ orí, hjem ni ìkejì, ìyẹn ilé. S tó wà láàárín wọn, okùn ni, ara apá iwájú ló sì wà.

Ẹ̀gbọ́n mi kò wá oríkèé kankan. Wọ́n ń fi ìka kan tábìlì bí wọ́n ṣe ń kan ilẹ̀ símẹ́ǹtì n'Íbàdàn nígbà tí wọ́n ń kọ́ mi ní ìwé kíkà, kí n tó wọ ilé ìwé: ìró kan, ìkànlẹ̀ kan, láti orí ọ̀rọ̀ dé ìrù. Al. Der. Shjem. S ti fò lọ bá ẹni tí kì í ṣe tirẹ̀, ilé sì ti di ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀.

Sátidé àkọ́kọ́ ni mo gbọ́ ọ. Mo lanu. Wọ́n wò mí láti òkè ìgò ojú wọn. "Àbí ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi? Èmi tí mo kọ́ ẹ ní a, b, d?" Ẹ̀rín ni wọ́n fi sọ ọ́. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, mo ní wọ́n ń gbìyànjú.

Èmi akọ̀ròyìn, tí mo ti bi àwọn gómìnà ní ìbéèrè tí wọn kò fẹ́ gbọ́.

Nígbà tí ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ kan, ọmọ wọn pè mí, ó fi Gẹ̀ẹ́sì bi mí bóyá ìyá òun ti múra tán. Mo ní ìyá rẹ̀ ń kà á bí ẹni mumi. Ó ní ó dáa.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, mo jókòó sí pálọ̀, wọ́n wà ní yàrá níwájú kọ̀ǹpútà. Mò ń gbọ́ ìka wọn lórí tábìlì. Obìnrin tó ń dán wọn wò ní kí wọ́n tún un sọ, lẹ́ẹ̀kíní, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn náà kò bi wọ́n mọ́, ó kàn ń dúpẹ́. Mo mọ irú ọpẹ́ yẹn. Òun ni mo máa ń dú fún ẹni tí mi ò ní fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ìròyìn.

Èsì jáde: ẹni tó dán wọn wò kò lè mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pè. Ọmọ wọn tún pè mí. "Èmi náà máa ń gbọ́ ọ lórí fóònù. Mo rò pé ẹ̀yin lẹ máa sọ fún wọn." Èmi sì ti rò pé òun, ọmọ tí wọ́n bí síbí, kò ní tijú láti sọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi fi ìka lé ìlà yẹn nínú ìwé èsì. "Ṣé o máa ń gbọ́ ọ?"

Mo ní mo máa ń gbọ́ ọ, mà.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti Sátidé àkọ́kọ́."

Wọn kò pariwo. Wọ́n pa ìwé dé. "Ọ̀wọ̀ tí o bù fún mi nìyẹn."

Wọn kò pè mí ní Sátidé mọ́. Ọ́fíìsì ìdánwò ní èsì náà kò ṣeé tún yẹ̀ wò; ẹni tó bá kùnà lè forúkọ sílẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ilé àwọn arúgbó kọ ìlà méjì péré: àwọn ti rí ẹlòmíràn, àwọn kò sì ní dá àyè kankan dúró.