Ẹ́ńjìnnì Tí Kò Pariwo

Katakata àwọn àgbẹ̀ àgbàdo ni Verlon Kessler fi gbogbo ayé rẹ̀ tún ṣe ní Indiana. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó wọ́ ọkọ̀ Chevelle àtijọ́ rẹ̀ jáde nínú abà, ó ní ẹ́ńjìnnì ńlá tí òun ti ń fẹ́ láti ọ̀dọ́ ni òun yóò tò sínú rẹ̀.

Gbogbo ọkùnrin ìlú di olùdámọ̀ràn. Royce, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé ìwé, ló lẹ́nu jù. Ọkọ̀ tirẹ̀ máa ń gbọ̀n pẹ̀pẹ̀ níbi tó bá dúró sí, tí àwọn èèyàn á sì máa yà wò ó.

"Ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù ẹ́ńjìnnì yẹn, èyí tó ga jù ni kó o rà," Royce sọ fún un nídìí kọfí. "Kí wọ́n máa gbọ́ ẹ láti ìpẹ̀kun ìlú."

"Mi ò wá ariwo."

"Kí lo wá ń wá? Ẹ́ńjìnnì tó tóbi tó báyìí, o fẹ́ kó máa dún bí ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá mi?"

Verlon mu kọfí rẹ̀. Ohun tí kò sọ ni pé Lorna, ìyàwó rẹ̀, ni ó fẹ́ kó wà á. Obìnrin tó ti wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ ilé ìwé nínú yìnyín, àrùn rọpárọsẹ̀ mú un lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, ó wá di ẹni tí wọ́n ń gbé kiri bí ẹrù. Dókítà ní ó lè wa ọkọ̀. Ẹ̀rù ni kò jẹ́. "Ẹsẹ̀ yìí ò lè tẹ bíréèkì," ni ó máa ń wí.

Ọ̀rọ̀ sì nìyẹn. Èémí tí ẹ́ńjìnnì ń fà sínú ló ń ran ẹni tó bá tẹ bíréèkì lọ́wọ́. Bí ọ̀pá fáàfù bá ga jù, èémí náà kò ní tó, bíréèkì á le bí òkúta. Royce ní itan bí ìrókò, níbo ni yóò ti mọ̀?

Ní ìsọ̀ ẹ̀yà ọkọ̀, Verlon fi ọ̀pá gíga tó wu òun náà sílẹ̀, ó mú ọ̀pá kékeré, kabúrétọ̀ tó mọ níwọ̀n, àti písítìnì tí epo lásán á tó fún. Ẹni tó fẹ́ nǹkan láti ọ̀dọ́, tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, tó wá dá a padà sórí káńtà nítorí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn, irú wọn kò pọ̀. Orí mi wú nígbà tí mo gbọ́.

Ní Sátidé, gbogbo àwọn ọkùnrin náà kó ọkọ̀ wọn pé síwájú ilé oúnjẹ tí wọ́n ti ń ta bọ́gà bí ìṣe wọn. Verlon wa ọkọ̀ dé jẹ́jẹ́, òun àti Lorna. Royce tẹ́tí, ó rẹ́rìn-ín.

"Verlon, ṣé ó ń ṣiṣẹ́ àbí o ti pa á?"

Verlon sọ̀kalẹ̀ láìpa ẹ́ńjìnnì, ó ní kí Lorna bọ́ sídìí sítíárìn.

"Tẹ bíréèkì wò. Tó bá le, màá gbé wa lọlé."

Lorna tẹ̀ ẹ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́.

"Ó rọ̀," ó ní.

"Mo mọ̀."

"Kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn."

Ó pa ilẹ̀kùn dé, ó fi ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Ó rọra dé oríta, ó tẹ bíréèkì, ọkọ̀ dúró. Lẹ́yìn náà ló wá tẹ iná mọ́ ọn. Táyà rú èéfín, ilẹ̀ mì, bọ́gà já bọ́ lọ́wọ́ Royce.

"Kí lo fi sínú ẹ̀?"

Verlon fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu omijé. Ó dúró, ó ń gbọ́ ọ títí ìró náà fi wọ àárín oko àgbàdo.

Oúnjẹ tí Verlon rà sílẹ̀ fún Lorna ti tutù kó tó padà dé. Kò sọ̀kalẹ̀. Ó yí gíláàsì wálẹ̀.

"Wọlé," ó ní. "Màá gbé ẹ lọlé."