Zobo Tí Kì Í Bá Ẹja Rẹ́

Bí mo bá ti rí ike zobo nínú fíríjì, ìyá ọkọ mi ni mo máa ń rántí. Nígbà tí wọ́n wá bá wa tọ́jú ọmọ ní Skyview Ranch, àdúgbò wa lókè òkun níbí, wáìnì pupa láti Spain ni wọ́n ń dà sínú ike yẹn, torí ọkọ mi kì í fẹ́ rí ọtí nílé. Èmi ni mo ń bá wọn rà á. "Ìyàwó wa, oògùn snow ni," wọ́n á ní, wọ́n á sì fi ewúrẹ́ sísun aláta tì í. Ẹja ni wọn kì í fi mu ún láé: "Òun àti ẹja kì í rẹ́."

Lọ́jọ́ Sunday kan, ọkọ mi ń jẹ ẹja díndín, ó bá da "zobo" sí kọ́ọ̀bù. Mo rò pé màmá á dọ́gbọ́n sí i.

"Gbé e sílẹ̀," wọ́n ní. "Ìyẹn kì í bá ẹja rẹ́."

"Màámi, zobo wo ni kì í bá ẹja rẹ́?"

Wọ́n wò mí, wọ́n wo ike, wọ́n wá ti abọ́ ewúrẹ́ síwájú rẹ̀.

"Fi èyí mu ún ná, kó o tó bínú."