Àárọ̀ Tí A Rẹ́ Àgbàlá Ọba

Ọwọ́ ìyá bàbá mi ti wọ inú ìkòkò dé ìgbọ̀nwọ́. Ìgbẹ́ màlúù, èédú tí a lọ̀ kúnná àti omi ewé ló wà níbẹ̀, ó sì ń pò ó díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń ro ọkà tí kò fẹ́ kó ní kókó. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé ilẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ fà á láti òsì lọ sí ọ̀tún, ní ìlà tó tẹ̀ bí òṣùmàrè. Fààà. Ó tún fà á padà. Fààà. Àwọn ìyá àgbà yòókù wà lórí eékún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ń ṣe bákan náà, ìró ọwọ́ wọn sì ń tẹ̀ léra bí èémí ẹni tó ń sùn. Kùrukùru ṣì bo àwọn òkè Ìdànrè débi pé a ò rí orí wọn. Ńṣe ló dà bíi pé àwọn òkúta ńlá náà ò tíì jí.

Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ yìí á rò pé ó máa ń rùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ìgbẹ́ màlúù bá ti bá omi ewé pò dáadáa, òórùn rẹ̀ máa ń dà bíi ti koríko tí òjò pa lánàá tó wá ń yá oòrùn lónìí. Títí di ìsinsìnyí, bí mo bá kọjá níbi tí màlúù ti jẹko lójú ọ̀nà Ọ̀wẹnà, mo máa ń dẹsẹ̀ dúró. Àwọn ọmọ mi á di imú, wọ́n á ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká máa lọ jàre."

Iṣẹ́ tèmi láàárọ̀ ọjọ́ náà ni kí n máa pọn omi wá, kí n sì máa ṣa èérún koríko kúrò nínú ìkòkò kó má baà fa ilà sílẹ̀. Ìyá bàbá mi, Màmá bí gbogbo ilé ṣe ń pè é, kì í fẹ́ ilà kankan yàtọ̀ sí ti ìka ọwọ́ rẹ̀.

"Yèyé mi, má tẹ ibẹ̀ yẹn o," ó sọ fún mi láìgbé orí sókè. "Ibi tí ọwọ́ mi bá ti kàn, ó ti di ti ọba."

Ojúlówó èdè Ìdànrè ló fi ń sọ̀rọ̀. Mo kọ ọ́ síbí ní Yorùbá tí gbogbo wa ń kà, nítorí àwọn ọmọ tèmi gan-an kì í gbọ́ gbogbo rẹ̀ mọ́.

Àṣà náà kò le láti ṣàlàyé. Lọ́dọọdún, kí àyájọ́ ọjọ́ tí ọba gorí ìtẹ́ tó pé, àwọn ìyá àgbà àdúgbò wa ló máa ń rẹ́ àgbàlá inú lọ́hùn-ún ní ààfin, níbi tí ọba ti máa ń dúró súre fún ìlú. Wọn kì í gba owó. Láti ìdí ògiri ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa fẹ̀yìn rìn bọ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà, kí ẹsẹ̀ wọn má baà ba iṣẹ́ wọn jẹ́. Bí wọ́n bá ti rẹ́ ẹnu ọ̀nà tán, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọlé mọ́, ìbáà jẹ́ olóyè, ìbáà jẹ́ ọmọ ọba. Ọba ni yóò kọ́kọ́ bọ́ bàtà, tí yóò fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ náà nígbà tó bá ṣì tutù. Ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ á wà níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ní kékeré, mo máa ń rò pé ojú ẹsẹ̀ yẹn ló ń di ìlú wa mú, pé bí kò bá sí níbẹ̀, àwọn òkè á dìde wọ́ọ́rọ́wọ́, wọ́n á sì bá kùrukùru lọ.

Ṣùgbọ́n lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ọjọ́ ayẹyẹ ṣì jìn. Màmá kàn jí mi ni, ó gbé ìkòkò lé mi lórí, ó ní kí n tẹ̀ lé òun. Ọ̀rọ̀ ìpàdé ìlú ló fà á.

Gbogbo Odode, ìlú wa, ló ń jiyàn lórí ayẹyẹ náà lọ́dún yẹn. Wọ́n ń jiyàn ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, wọ́n ń jiyàn lórí àpáta níbi tí wọ́n ti ń sá kòkó, wọ́n ń jiyàn lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n tó ṣí Bíbélì àti lẹ́yìn tí wọ́n pa á dé. Alága ìgbìmọ̀ ayẹyẹ, ọmọ ìlú wa kan tó ń gbé l'Ékòó, sọ pé ti ọdún náà kò gbọdọ̀ dà bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ó fẹ́ olórin ńlá, ó fẹ́ àlejò pàtàkì, ó sì fẹ́ kí àgbàlá ọba di ti sìmẹ́ńtì àti táìlì. Ilé kọ̀ọ̀kan ni yóò dáwó fún táìlì náà.

Èmi náà wà níbi ìpàdé, mo jókòó síbi ẹsẹ̀ Màmá.

"Ọba wa ò kéré sí ọba ìlú kankan," alága sọ. "Àlejò ń ti Àbújá bọ̀. Ṣé orí ìgbẹ́ màlúù lẹ fẹ́ kí wọ́n dúró sí?"

Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Tíṣà kan dìde, ó ní ìnákúnàá gbáà ni, pé kí wọ́n pa ayẹyẹ náà tì pátápátá, kí wọ́n fi owó rẹ̀ tún ọ̀nà oko ṣe. Àwọn mìíràn pàtẹ́wọ́ fún òun náà.

"Tíṣà," ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn, "nígbà tẹ́ ẹ̀ ń gbéyàwó, ṣé ọ̀nà oko lẹ fowó yín tún ṣe?"

Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Inú ẹ̀rín yẹn ni Màmá ti dìde.

"Ẹ má pa á tì," ó ní. "Ọjọ́ yẹn nìkan ni olówó àti òtòṣì ń jọ dúró lórí ilẹ̀ kan náà nílùú yìí. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lówó ńkọ́? Tẹ́lẹ̀, ọwọ́ wa la fi ń dá tiwa. Ṣé ọwọ́ wa ò wúlò mọ́ ni?"

"Màmá, ayé ti lajú," alága dá a lóhùn, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín sinmi. Táìlì la fẹ́ lò."

"Táìlì tó ń yọ̀ yẹn? Ẹ yáa ra ọ̀pá fún ọba mọ́ ọn."

Ẹ̀rín tún sọ, alága pàápàá rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, nígbà tí ìpàdé máa fi tú ká, wọ́n ti fẹnu kò pé ilé kọ̀ọ̀kan á dáwó, wọ́n á sì ka orúkọ ilé tí kò bá dá a sétí gbogbo ìlú.

Bàbá mi kì í ṣe èèyàn burúkú. Àgbẹ̀ kòkó ni, ìtìjú ló sì ń bà á lẹ́rù ju ebi lọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yege ìdánwò àtiwọ ilé ìwé girama ni, ó sì ti ya owó kòkó díẹ̀ sọ́tọ̀ fún un. Lẹ́yìn ìpàdé, mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná, mò ń bó ẹ̀gúsí, nígbà tó wọlé bá Màmá níbi tó ti ń fọ ewúro.

"Màmá, owó ilé ìwé ọmọ yẹn ni màá fi dá tiwa. Ó lè lọ lọ́dún tó ń bọ̀."

"Ọdún tó ń bọ̀ wo?"

"Ṣebí obìnrin ni. Kò tíì pẹ́ fún un. Àbí ẹ fẹ́ kí wọ́n máa fi ilé yìí ṣẹ̀sín ni?"

Màmá kọjú sí ewúro rẹ̀. Ìró ewúro nìkan ni mo ń gbọ́, bó ṣe ń fún un, tó ń bomi sí i, tó tún ń fún un, títí mo fi mọ̀ pé kò lè sí ìkorò kankan nínú rẹ̀ mọ́. Mo mọ àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n ti ní kí wọ́n dúró di ọdún tó ń bọ̀ ládùúgbò wa. Wọ́n ṣì ń dúró.

Bí a ṣe dé inú àgbàlá láàárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ̀ sìmẹ́ńtì ń bọ̀ nìyẹn. Nígbà tí a fẹ̀yìn rìn dé ẹnu ọ̀nà, oòrùn ti ń yọ́ wọ inú kùrukùru, ilẹ̀ tí a rẹ́ sì ń dán bí ẹ̀yìn ẹja nínú omi. Ẹyẹ kan fò kọjá lókè, òjìji rẹ̀ yọ̀ lọ lórí ilẹ̀ náà láìfi àmì kankan sílẹ̀. Màmá fi ẹ̀kúnwọ́ tó kẹ́yìn pa ẹnu ọ̀nà. Ó nu ìka rẹ̀ síbi etí ìkòkò. Ìgbà yẹn la gbọ́ tí ọkọ̀ akẹ́rù ń kérora bọ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Àwọn lébìrà sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́bìrì, alága sì wà níwájú wọn. Ọ̀kan nínú wọn gbé ẹsẹ̀ láti wọlé.

"Háà! Dá ẹsẹ̀ ẹ dúró!" àwọn ìyá àgbà pariwo lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọkùnrin náà dúró lórí ẹsẹ̀ kan bíi lékelèké. Ọmọ ìlú ni, ó mọ ohun tí ilẹ̀ tútù yẹn túmọ̀ sí. Ó rọra dá ẹsẹ̀ padà sẹ́yìn, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì gbé ṣọ́bìrì wọn sílẹ̀.

"Màmá, kí lẹ ṣe yìí?" alága bèèrè.

"Mo rẹ́lẹ̀ ni."

"Ta ló rán yín?"

"Lọ́dọọdún, ta ló ń rán wa?"

Ariwo yẹn ló mú ọba jáde. Kò dé adé, kò wọ ìlẹ̀kẹ̀. Aṣọ ìbora ló ró mọ́ àyà, pákò sì wà lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo wa kúnlẹ̀, a kí Kábíyèsí. Ó wo ilẹ̀ náà pẹ́, ó wá bèèrè ẹni tó ní kí wọ́n ṣe é nígbà tí àsìkò ò tíì tó.

"Kábíyèsí, èmi ni," Màmá sọ. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ débi pé ó ní láti tún un sọ. "Kábíyèsí, èmi ni. Ọmọ ọmọ mi rèé. Owó ilé ìwé rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi ra táìlì tí ẹ máa tẹ̀. Mo ní kí n kọ́kọ́ bi yín bóyá ẹsẹ̀ yín á gbà á."

Mo ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó ń tutù, tó ń dún ká, ká. Ọba yọ pákò lẹ́nu. Ó wò mí, èmi sì wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bọ́ sálúbàtà rẹ̀, ó sì wọlé. Mo gbọ́ bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe kan ilẹ̀ tútù náà, ohùn kékeré kan bíi ti ètè ọmọ ọwọ́ tó fi ọmú sílẹ̀. Ó rìn dé àárín àgbàlá, ó yíjú padà sí wa.

"Èyí ni ẹsẹ̀ mi gbà," ó ní. "Ilẹ̀ tí mo tẹ̀ gorí ìtẹ́ nìyí. Ẹ dá sìmẹ́ńtì padà. A máa ṣe ayẹyẹ wa, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ilé kankan dáwó táìlì."

"Kábíyèsí, àwọn àlejò wa ńkọ́?" alága bẹ̀ ẹ́.

"Àlejò tó bá wá wo ilẹ̀, kó wo ilẹ̀. Èyí tó bá wá wò mí, èmi rèé."

Nígbà tí à ń lọ sílé, Màmá ní kí a dúró lórí àpáta tó wà lẹ́yìn ààfin. Mo rò pé ó fẹ́ yá oòrùn ni. Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú mi. Ìgbẹ́ màlúù ti gbẹ mọ́ wọn títí dé ìgbọ̀nwọ́, wọ́n sì ń gbọ̀n bí ewé kókò tí òjò ń pa.

"Yèyé mi, wò ó. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo gbàgbé oríkì ọba, èmi tí mo ti ń kì í kí wọ́n tó bí bàbá ẹ!"

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. A jókòó síbẹ̀ títí ara rẹ̀ fi rọlẹ̀.

Bàbá mi bínú pé Màmá tú àṣírí ilé síta níwájú ọba. Kò jẹun lọ́wọ́ rẹ̀ títí wọ́n fi ká kòkó ọdún yẹn tán. Ṣùgbọ́n ó san owó ilé ìwé mi, òun fúnra rẹ̀ ló sì gbé àpótí mi lọ. Màmá ti kú tipẹ́. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn ìyá tó mọ iṣẹ́ náà tán díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì fi táìlì ṣe àgbàlá náà nígbẹ̀yìn. Ó mọ́, ó sì dára. Bí òjò bá rọ̀, ó máa ń yọ̀.

Ìjiyàn lórí ayẹyẹ náà tún ti dé báyìí. Rédíò ń sọ ọ́, Wasáàpù àdúgbò wa kò sì sinmi: ìnákúnàá ni, àṣà ni, ìtìjú ni, ògo ni. Mo máa ń ka gbogbo rẹ̀ tán, nítorí ìyá tí ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀ ni mí. Bí ọmọ bá pẹ́ díẹ̀ nílé ìwé, mo ti wà lójú títì. Bí wọ́n bá fẹ́ gun òkè, mo máa ń tún okùn bàtà wọn so. Wọ́n ti ní kí ilé kọ̀ọ̀kan dáwó ayẹyẹ, sáà ilé ìwé tuntun sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Mo mọ àwọn ilé tí ọmọ wọn máa jókòó sílé nítorí rẹ̀.

Mo lọ sí ìpàdé ní Sátidé tó kọjá, mo mú ọmọbìnrin mi àgbà dání. Mo dìde. Mo ní kí a ṣe ayẹyẹ ọba wa, kí ẹni tó lówó mú owó wá, kí ẹni tí kò ní mú ọwọ́ rẹ̀ wá, kí wọ́n má sì ka orúkọ ilé kankan. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan pòṣé, ó ní òṣì ló ń dà mí láàmú. Alága tòní ní àwọn á gbé e yẹ̀ wò. Mi ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà máa já sí.

Bí mo ṣe jókòó, ọmọ mi gbé ọwọ́ lé orúnkún mi.

"Mọ́mì, ẹ̀ ń gbọ̀n."

Mo ní mo mọ̀. Kò yà mí lẹ́nu. Màmá, ẹni tó kọ́kọ́ dìde nítorí tèmi, kò tíì gbọ̀n tán nígbà tó jókòó tì mí lórí àpáta, mo sì rò pé láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé èèyàn lè máa bẹ̀rù, kó sì sọ̀rọ̀ síbẹ̀.