Oníbàárà Wa Tó Ń Ti Kútọnu Wá

Òórùn íǹkì àti bébà tuntun ló máa ń gba Ṣómólú kan lówùúrọ̀, kí èéfín jẹnẹrétọ̀ tó bò ó mọ́lẹ̀. Níbẹ̀ ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti ń tẹ ìwé. Òun ló ni ṣọ́ọ̀bù, èmi ni mò ń bá a wá iṣẹ́. Nínú àwọn oníbàárà wa, màmá kan tó ń ti Kútọnu wá ni mo fẹ́ràn jù. Ìwé orin ìjọ ló máa ń bá wa tẹ̀, Yorùbá àwọn ará Kétu ti orílẹ̀-èdè wọn lọ́hùn-ún ló sì ń sọ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí kò sí ohun tó ń lé e.

Ní ọdún tí náírà já wálẹ̀ gan-an, gbogbo àdúgbò ń kérora, àfi àwa. Séfà, owó ilẹ̀ wọn, tí màmá bá ṣẹ́ ń di náírà rẹpẹtẹ, bẹ́ẹ̀ a kò tíì fi nǹkan kan kún owó ìwé, nítorí bébà tí a ti rà sílẹ̀ ṣì kún yàrá. Séfà kan náà wá ń gbé ìwé ìlọ́po méjì. Ó mú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá. Ẹ̀gbọ́n mi ta ilẹ̀ tó fẹ́ fi kọ́lé, ó fi ra ẹ̀rọ kejì, a sì gba bàbá kan láti àdúgbò Ladi-Lak tí yóò máa darí rẹ̀.

Nígbà tó yá, bébà wa tán. Òkè òkun ni tuntun ti ń wá, iye rẹ̀ sì ti bá dọ́là lọ. Epo jẹnẹrétọ̀ náà wọ́n. Bàbá yẹn wá bá wa nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ní owó ilé ti lọ sókè, gààrí náà ti lọ sókè, kí a jọ̀ọ́ ro ti òun. Òótọ́ ló sọ. A fi kún owó rẹ̀, a fi kún owó ìwé, a tún fi kún un.

Nígbà tí màmá dé, ó jókòó lórí ìdì bébà, ó ń nu ojú.

“Ọmọ mi, mi ò ní lè máa tẹ̀ ẹ́ níbí mọ́.”

Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Màmá, náírà ò kúkú tíì kúrò níbi tó já sí. Owó yín ṣì pọ̀.”

“Náírà pọ̀ lọ́wọ́ mi lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bó ṣe já tó ni ọjà yín náà ṣe gòkè tó. Séfà mi ò ra ju iye ìwé tó ń rà láyé ọjọ́sí lọ. Tí mo bá wá ro owó mọ́tò àti ti ẹnubodè mọ́ ọn, ó sàn kí n tẹ̀ ẹ́ nílé.”

Kò bínú, àwa náà ò bínú. Ó ṣàdúrà fún wa, ó lọ. A ta ẹ̀rọ kejì fún ọkùnrin kan ní Onípanu, iye tó wù ú ló san. Bàbá yẹn di ẹni tó ń ṣọ́ géètì ní apá Igbóbì. Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń háyà ilé gbé.

Bí mo bá gbọ́ lórí rédíò báyìí pé bí náírà bá já, ọjà wa á máa tà nílẹ̀ òkèèrè, mi ò kì í jiyàn. Ó ti rẹ̀ mí. Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, títí iye nǹkan nílé yóò fi gòkè tó bí náírà ṣe já. Iye tí wọ́n ń ṣẹ́ owó nìkan kò tó fún mi mọ́. Ohun tí àlejò lè fi owó ọwọ́ rẹ̀ rà lọ́dọ̀ wa ni mo máa ń bèèrè. Ọjà la rò pé a rí nígbà yẹn. Àkókò díẹ̀ la rí, kí iye nǹkan tó lé wa bá.