Ọ̀pó Méjì Àárín Ṣọ́ọ̀ṣì

Ìrìn mi ló kó bá mi. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi èmi Ọlánípẹ̀kun ṣe ọ̀gá lórí káfíńtà mẹ́rin ní réluwé Kaduna ni n kò ti rìn bí ènìyàn mọ́. Mo ń yan ni. Àyà á ṣíwájú, èmi á tẹ̀ lé e. Ìyá Tìmí, ìyàwó mi, a máa ní tí òun bá ti rí àyà mi lẹ́nu ọ̀nà, òun á ti gbé oúnjẹ kalẹ̀ kí ojú mi tó wọlé.

Ní ọdún 1936, àwa Yorùbá onígbàgbọ́ kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì alámọ̀ onípáànù kan. Èmi ni mo ṣe òrùlé rẹ̀. A kò rí igi tó gùn dé ògiri kejì, ni mo bá so méjì pọ̀ láàárín. Irin tí yóò dè wọ́n ń bọ̀ láti Èkó. Kó tó dé, Jimoh, bíríkìlà ará Ìlọrin tó mọ ògiri náà, bá mi fi ọ̀pó méjì ti igi náà nísàlẹ̀. Ojú ọ̀nà tó lọ síbi pẹpẹ gan-an ni wọ́n dúró sí.

Wọ́n wá fi mí ṣe alága ìkórè. Alága ló ń ṣíwájú lọ síbi pẹpẹ. Mo dá agbádá funfun, mo ra bàtà tó ń dún dé àdúgbò Kakuri. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wọn àárín ọ̀pó méjèèjì, mo rí i pé agbádá mi kò ní í gba ibẹ̀ kọjá, àfi tí mo bá fi ẹ̀gbẹ́ rìn bí akàn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú ìkórè, mo mú òòlù lọ yọ wọ́n. Jimoh ń fi ẹfun kun ògiri lọ́wọ́. Ó dúró, ó ń wò mí.

"Bàbá Tìmí, kí ni yóò wá gbé igi yẹn ró?"

Mo ní, "Ilé Ọlọ́run ni. Òun ni yóò gbé e ró."

"Ṣé Òun ló ní kẹ́ ẹ yọ ọ́?"

Mo gbàdúrà kí n tó yọ èkejì. N kò béèrè bóyá kí n yọ ọ́. Mo kàn ní kí Ó dì í mú. Mo mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì. Ìdí tí mo fi yára ṣe àmín nìyẹn.

Lọ́jọ́ ìkórè, dùùrù bẹ̀rẹ̀, mo yan wọlé. Mo dé àárín, mo gbọ́ kẹ̀ẹ̀. Mo rò pé bàtà mi ni, inú mi sì dùn sí i. Ìgbà tí eruku já bọ́ sí èjìká mi ni mo gbójú sókè. Igi náà ti ń tẹ̀ lórí àwọn akọrin.

Mo fò sórí béǹṣì, mo fi èjìká gbé e. Mo ní kí wọ́n máa jáde. Ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í gba abẹ́ apá alága kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ka gbogbo sáàmù tí mo mọ̀. Igi náà tún wálẹ̀ díẹ̀. Mo bi Ọlọ́run bóyá Ó wà níbẹ̀.

Akọrin tó kẹ́yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni Jimoh gbé ọ̀pó wọlé. Ó fi ti igi náà, ó gbá a ṣinṣin, ó ní kí n sọ̀ kalẹ̀. Ó ní láti àárọ̀ ni òun ti jókòó ti ọ̀pó náà lẹ́yìn ògiri.

Mo bi í pé, "Ta ló rán ọ wá?"

Mo fẹ́ kó ní Ọlọ́run ni.

Ó ní, "Ẹ̀rù ló bà mí. Mo mọ bí ẹ ṣe ń rìn."

A dá ọ̀pó kejì padà. Oṣù mẹ́jọ kọjá kí irin tó dé, gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni mo sì ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn lọ síbi pẹpẹ lójú ìjọ. Nígbà tí mo de irin náà tán, àlùfáà ní kí n yọ ọ̀pó. Mo kọ́kọ́ ránṣẹ́ pe Jimoh. Ó bi mí bóyá ó dá mi lójú wàyí. Mo ní kò fi bẹ́ẹ̀ dá mi lójú.

Ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó gun àkàbà lọ wo irin náà fúnra rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì di ọ̀pó kan mú pẹ̀lú mi.