Ọ̀rọ̀ Tí Ọláyínká Sọ ní Jankara

Ọkọ́ ni àgbẹ̀ fi ń jẹun. Ẹnu ni Ọláyínká fi ń jẹ tirẹ̀. Lọ́dún 1974, kò sí bí èèyàn ṣe lè gba Jankara kọjá kó má gbọ́ ohùn rẹ̀ láti orí ọkọ̀ ilé iṣẹ́ ọlọ́tí kan: "Abiyamọ, ọtí dúdú yìí kì í ṣe ọtí lásán! Ẹ̀jẹ̀ ni! Agbára ni! Ẹ pò ó mọ́ mílíkì, ẹ mu ún láàárọ̀!" Ta ló kọ́ ọ níṣẹ́ dókítà? Ìwé pélébé kan tí ọ̀rọ̀ ìpolówó wà nínú rẹ̀ ni ọ̀gá rẹ̀ fún un. Òun fúnra rẹ̀ ló fi iyọ̀ sí i.

Ìgbà tí Fọlákẹ́ ìyàwó rẹ̀ bímọ lọ̀rọ̀ yíwọ́. Lọ́jọ́ kẹfà, ojú rẹ̀ funfun bí ẹ̀kọ. Bó bá dìde, òòyì a kọ́ ọ. Ìyá Fọlákẹ́, tó ti Iléṣà wá wẹ ọmọ, kò mikàn. Ọtí dúdú àti mílíkì ló ń pò fún un nínú kọ́ọ̀bù.

Ọláyínká kò lè jókòó. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó padà. Ó bọ́ bàtà, ó tún wọ̀ ọ́.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí ọsibítù."

"Ọsibítù ṣe kín ni? Ṣebí ẹ̀jẹ̀ ló ń wá, ẹ̀jẹ̀ rèé nínú kọ́ọ̀bù. Ìwọ kọ́ lo sọ ọ́ ní Jankara? Etí mi báyìí ni mo fi gbọ́ nígbà tí mo lọ ra ọṣẹ ọmọ. Mo tiẹ̀ ń fi ọ́ yangàn níbẹ̀."

Ẹ̀rù ba ọkùnrin náà. Bó bá jẹ́wọ́, ojú yóò tì í níwájú àna rẹ̀ títí ayé. Bó bá dákẹ́, ìyàwó rẹ̀ lè kú.

"Màmá, n kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀jẹ̀. Irọ́ ni mo ń pa."

"Lójú gbogbo ọjà?"

"Lójú gbogbo ọjà, Màmá."

Obìnrin náà gbé kọ́ọ̀bù náà sílẹ̀. Ó pọn ìkókó, ó di Fọlákẹ́ lápá kan mú, Ọláyínká di èkejì, wọ́n wá takisí lọ sí ọsibítù. "Bó bá dọ̀la ni…" ni nọ́ọ̀sì wí, kò sì parí rẹ̀. Orí yọ Fọlákẹ́.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Ọláyínká tún wà lórí ọkọ̀ ní Ìdúmàgbò lẹ́bàá Jankara, ara rẹ̀ kò lélẹ̀. Ọkùnrin kan sún mọ́ ọn.

"Bọ̀dá, ìyàwó mi bímọ lánàá, kò lè dìde. Ìgò mélòó ni kó máa mu lójúmọ́?"

Dẹ́rẹ́bà ń ṣẹ́jú sí i pé kó tètè dáhùn. Ọláyínká gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sẹ́nu, gbogbo ọjà sì gbọ́: "Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù! Nísinsìnyí! Ẹ má tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ mi mọ́!"

Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti fi ẹlòmíràn sórí ọkọ̀ náà.