Ẹsẹ̀ Àbíkẹ́ Tí Kò Dilẹ̀

Òótọ́ pọ́ńbélé ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Bí irọ́ bá wà níbẹ̀, kí ọ̀yà jẹ iṣu tí mo gbìn lọ́dún yìí láti ebè àkọ́kọ́ títí dé ààlà, kí ó sì pe àwọn àna rẹ̀ wá bá a jẹ ẹ́.

Ní Abà Ẹlẹ́kùrọ́, lọ́nà Akanran, kò sí ẹni tí ó rí i rí kí Àbíkẹ́ jókòó jẹun. Ìdúró ló fi ń jẹ ẹ̀kọ. Bí ó bá ń pa ẹ̀kùrọ́, á pa ìwọ̀nba, á dìde, á yí igi àgbálùmọ̀ iwájú ilé po, á tún padà wá. Ní ṣọ́ọ̀ṣì Séráfù wọn, bí wòlíì bá ní kí ìjọ jókòó, ẹ̀yìn ni Àbíkẹ́ ń lọ. Á máa lọ, á máa bọ̀, nínú aṣọ funfun, láìwọ bàtà, bí ẹni tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ọ̀run. Wọ́n ní ó dìde lọ́jọ́ kan pé òun fẹ́ bu omi mu ní ẹ̀yìn ilé, Ẹgbẹ́dá ni wọ́n ti rí i. Àwọn ọmọ abà bá sọ ọ́ ní Ẹsẹ̀-ò-dilẹ̀.

Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé kì í ṣe ìwà. Bí Àbíkẹ́ bá jókòó pẹ́nrẹ́n, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ a máa jó o bí ẹni tí ó tẹ ẹ̀yinná, a sì máa ta á bí ẹni pé ìjàlọ wọ inú rẹ̀. Àfi kí ó rìn kí ó tó rọ̀ díẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Ṣàngóyẹmí, ló sọ tirẹ̀ lọ́jọ́sí. Ó ní ẹsẹ̀ ń ta òun. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà ni, wọ́n gé ẹsẹ̀ náà, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi sin ín. Láti ìgbà náà ni Àbíkẹ́ ti gbà pé ẹnu ni àìsàn ń gbà wọlé. Bí wọ́n bá kí i pé, "Ṣé ara le?" á ní, "Ó le bí òkúta, ògo ni f'Ólúwa!" Ẹsẹ̀ a sì máa jó o lábẹ́ ìró.

Ibẹ̀ ló wà tí Títíladé fi dé. Títíladé ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ní ilé ìwé kan tí kò jìnnà sí Akanran, òun náà kì í sì í jókòó, ṣùgbọ́n ìbínú ni tirẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń ka ìwé sórí bí odídẹrẹ́, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ wọn bá kan èèyàn, gbígbọ̀n ni. Ọmọláńgidi ńlá kan wà tí wọ́n fi ta ilé ìwé náà lọ́rẹ kí wọ́n lè fi kọ́ ìtọ́jú. Inú ọ̀rá tí wọ́n fi gbé e wá ló ṣì wà. Ọ̀gá ilé ìwé ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí àlejò pàtàkì yóò fi dé, bí ẹni tí kò jẹ́ bọ́ ọ̀rá lára àga tuntun. Títíladé ní ó dáa, èèyàn ẹlẹ́mìí lòun yóò wá. Ó wọ Abà Ẹlẹ́kùrọ́, ó ń wá àgbà tí yóò máa ṣe bí aláìsàn, kí àwọn ọmọ náà lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń bi èèyàn léèrè, bí wọ́n ṣe ń yẹ ara wò, bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ohun tí wọn kò sọ fún wọn.

"Ẹ̀yin ni mo ń wá, mà," ó wí fún Àbíkẹ́. "Ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu yín. Ẹ ó kàn máa sọ pé orí ń fọ́ yín, òòyì ń kọ́ yín."

Àbíkẹ́ ti dìde. "Ta ni orí ń fọ́? Kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ṣé bí ẹ ṣe ń ṣe fún ìyá tó bí yín nìyẹn?"

"Eré ni, mà."

"Àìsàn ò mọ eré, nọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá pè é ló ń jẹ́ fún."

Títíladé dá ọgbọ́n míràn. "Ẹ fi lé ẹlòmíràn lórí nígbà náà. Ẹ fún aláìsàn yẹn lórúkọ. Bí wọ́n bá ti bi yín, ẹ ní òun ni."

Èyí dùn mọ́ Àbíkẹ́. Ó wá orúkọ kan tí kò sí ní gbogbo abà náà. "Àyàndùnní," ó wí. "Àyàndùnní ni orí ń fọ́. Kó máa bá a lọ."

Bí Àbíkẹ́ ṣe di òṣèré nìyẹn. Bí ó bá ti dé ilé ìwé, Títíladé á sọ àìsàn ọjọ́ náà sí i létí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á wọlé.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Kí ló ń ṣe yín?"

"Èmi kẹ̀? Kò sí nǹkan kan. Àyàndùnní ni ara rẹ̀ ò yá. Orí ń fọ́ ọ débi pé bí àkùkọ bá kọ ní Ṣáṣá, inú agbárí rẹ̀ ló ti ń dún."

Lọ́jọ́ kan, ọmọkùnrin kan, Sódìq, we aṣọ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ ọn lápá bí ẹni ń di igi ìdáná.

"Rọra, ọkọ mi! Ṣé ọjà lo fẹ́ gbé apá yìí lọ ni?"

"Ẹ má bínú, mà."

"Tú u, kí o tún un wé," Títíladé pariwo láti ẹnu ọ̀nà. "Ọwọ́ ni mo ní kí ẹ fi kọ́ ọ!"

Ṣùgbọ́n ẹnu tó dùn, àṣejù kì í pẹ́ bá a. Ibà lásán ni Títíladé fún un lọ́jọ́ kan. Àbíkẹ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ibà, ẹnu sì gbé e lọ. Ó ní òùngbẹ ń gbẹ Àyàndùnní bí ẹni tí ó lá odidi àpò iyọ̀. Ó ní ìtọ̀ kì í jẹ́ kí ó sùn. Ó ní bí Àyàndùnní bá jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ á gbiná, bí ó bá dìde, á rọ̀, ìdí nìyí tí gbogbo ayé fi rò pé oníwàdùwàdù ni. Yàrá náà rẹ́rìn-ín títí. Àfi Àsmá'ù, ọmọ aláta kan ní Ṣáṣá, ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ilẹ̀. Ó rí i pé ìdúró ni Àbíkẹ́ wà sọ gbogbo rẹ̀, tí ó ń fi ẹsẹ̀ kan ra èkejì.

"Mà, láti ìgbà wo ni ẹsẹ̀ Àyàndùnní ti ń jó o?"

"Ó ti pẹ́."

"Ṣé mo lè rí ẹsẹ̀ náà?"

Ẹ̀rín kúrò lójú Àbíkẹ́. "Ẹsẹ̀ ta ni? Àyàndùnní ò wá lónìí!" Ó ti já síta. Ọ̀kadà tí ó ṣe kòńgẹ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà kò rí i bá títí ó fi wọ abà.

Kò padà lọ mọ́. Ó ń yí igi àgbálùmọ̀ po títí ojú ọ̀nà fi là yí ìdí igi náà ká. Ó ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Bí ó tilẹ̀ fi orúkọ bò ó, ǹjẹ́ àìsàn ò mọ ohùn rẹ̀ báyìí? Bí ó bá gbọ́ ìró ọkọ̀, á rò pé wọ́n ń bọ̀ wá gbé òun, wọn á gé e, bíi ti Ṣàngóyẹmí.

Àwọn tó wá kò gbé ọkọ̀. Àsmá'ù ló ṣíwájú, ó mú ẹyọ ọwọ̀ ìgbálẹ̀ kan lọ́wọ́. Títíladé dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ abíyá kí ó má baà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀.

Àsmá'ù kúnlẹ̀. "Ẹ kúulé, mà. Ẹ̀yin kọ́ ni mo wá wò o. Àyàndùnní ni."

"Kò sí nílé."

"Ẹ bá mi yá ẹsẹ̀ yín nígbà náà, kí n fi wo tirẹ̀."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Àbíkẹ́ kí ó tó mọ̀. Ó jókòó, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún.

"Ẹ dijú, mà. Bí ọwọ̀ yìí bá ti kàn yín, ẹ sọ fún mi." Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ṣe é fún ara wọn ní kíláàsì, olúkúlùkù ti fojú dídì wá ọwọ̀ lẹ́sẹ̀ ara rẹ̀.

"Ó kàn mí," Àbíkẹ́ wí kíá. "Ó tún kàn mí. Ibẹ̀ yẹn gan-an. Ó ń yún mi, ìwọ ọmọ yìí!"

Ó la ojú kan. Ọwọ̀ náà wà lórí itan Àsmá'ù.

"Mi ò tíì bẹ̀rẹ̀, mà."

Àbíkẹ́ tún dijú, lótìítọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ó dúró, ó ń retí. Ó gbọ́ adìẹ tó ń ta ilẹ̀. Ó gbọ́ tí Títíladé ń mí. Sùúrù tán.

"Bẹ̀rẹ̀ o jàre!"

"Mo ti parí, mà."

Wọ́n jọ wo àtẹ́lẹsẹ̀ náà. Èèpo ẹ̀kùrọ́ kan wọ inú rẹ̀, ó ti dúdú, egbò yí i ká. Àbíkẹ́ wò ó bí ẹni ń wo ẹsẹ̀ àjèjì. Ìgbà wo ló wọlé? Bóyá ọjọ́ ìkórè, nígbà tí ó fi ẹsẹ̀ lásán jó yí abà ká pẹ̀lú ìjọ. Ẹsẹ̀ tí ń jó o tọ̀sán tòru, kò mọ ìgbà tí nǹkan gún un!

"Wọ́n á gé e," ó wí.

Àsmá'ù bojú wẹ̀yìn. Títíladé fi ojú sọ fún un pé kí ó dáhùn fúnra rẹ̀.

"Mi ò mọ̀, mà," Àsmá'ù wí. "Dókítà ni yóò sọ. Ṣùgbọ́n bí a bá lọ lónìí, ó sàn ju ká lọ lọ́la lọ. Wọ́n á sì bi yín léèrè níbẹ̀, mà. Àyàndùnní ò lè bá yín dáhùn."

Wọ́n dé ilé ìwòsàn. Àbíkẹ́ dìde, ó jókòó, ó tún dìde, ó rìn dé ẹnu géètì, ó padà.

"Ìyá, kí ló ń ṣe yín?" ni nọ́ọ̀sì tó wà lórí ìjókòó bi í.

Ó wo òrùlé. Ó wo Àsmá'ù. "Ẹsẹ̀ mi ni. Èmi Àbíkẹ́. Ó ń jó mi, ó ti pẹ́."

Òrùlé kò wó.

Wọn kò gé e. Wọ́n yọ èèpo náà, wọ́n wẹ egbò, ṣúgà ni lóòótọ́, ó sì ń lo oògùn rẹ̀. Wòlíì gbà fún un kí ó máa wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun tó nípọn wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọláńgidi ṣì wà nínú ọ̀rá. Ẹsẹ̀ Àbíkẹ́ ni àwọn nọ́ọ̀sì tuntun fi ń kọ́ṣẹ́, ó sì ń bá wọn jà bí wọ́n bá gbàgbé láti wo àárín ọmọ ìka. Síbẹ̀, kì í jókòó pẹ́. Ó ní ìwà ni báyìí.

Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Àfi ohun kékeré kan, nítorí iṣu mi. Àyàndùnní kọ́ ni orúkọ tí Àbíkẹ́ pè. Orúkọ ìyàwó mi ló pè, ìyàwó mi sì ti gbọ́ pé òun ni orí ń fọ́ kiri ilé ìwé àwọn nọ́ọ̀sì. Bí mo ṣe ń kọ èyí, ó ti gba ọ̀nà Abà Ẹlẹ́kùrọ́ lọ. Kí Àbíkẹ́ yáa wọ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀.